Ìwé mẹ́ta tó ṣì wà lórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ

Kọ́sítọ́mà mi kan wá gba bùbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí ló bi mí pé "Àǹtí, ìgbà wo gan-an lẹ máa ń ráyè kọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè dáhùn, torí bùbá yẹn fi ọjọ́ mẹ́rin lé ọjọ́ tí mo dá fún un, obìnrin náà ò sì gbàgbé, ó kàn ń fọgbọ́n bú mi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó sanwó tán ó tún jókòó, ó ní ọmọ òun ti ń pariwo pé òun náà fẹ́ máa kọ nǹkan, ìwé wo ni kó kà. Mo ní màá kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín kúkú rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Odidi ọdún kan wà tó jẹ́ pé ìwé lórí béèyàn ṣe ń lo àkókò ẹ̀ ni mo ń kà ṣáá, mo parí kan mo bọ́ sí òmíì, mi ò sì kọ nǹkan kan tó jọ nǹkan. Kíkà wọn dùn, ó ń ṣe èèyàn bíi pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ mi bá ń nu máṣíìnì, tó ń to òwú ní àwọ̀ àwọ̀, tó ń pọ́n sísọ́ọ̀sì, tí aṣọ olóde tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé ò tíì fojú kan abẹ́rẹ́.

Nínú gbogbo ẹ̀, ti David Allen ló kù, Getting Things Done, 2001 ló jáde. Ohun tó sọ ò le: gbogbo ohun tó bá ń yí lórí ẹ, kó o jáde sínú ìwé, má fi orí ẹ ṣe àpò. Èmi kà á mo ní ṣebí télọ̀ ti ń ṣe èyí tipẹ́, ta ló ń fi orí mọ àyà àti ìbàdí ogójì èèyàn? Ni mo bá yí ìwé ìwọ̀n mi padà, iwájú jẹ́ ti aṣọ, ẹ̀yìn jẹ́ ti ohun tí mo fẹ́ kọ. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ojú ewé kan nípa nǹkan tí mo ń kọ lọ́wọ́ pé "ó ti gùn jù, gé e kù ìdajì", ọmọ iṣẹ́ mi rí i, apá bùbá màmá kan sì wà lórí tábìlì. Ẹ ò ní fẹ́ mọ iye tí mo fi ra léèsì míì. Ìwé méjì ni mo ń lò báyìí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù.

Ibi tí èmi àti Allen ti jà ni ibi tó ti ní ohun tí ò bá lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ní Ayétòrò níbí, kò sí ohun tí kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì! Bọ́tìnnì kan péré, síìpù tó há, "ẹ bá mi ṣẹ́ etí ẹ̀ kékeré", "ẹ bá mi wá ṣéńjì ẹgbẹ̀rún". Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, aago méjì ọ̀sán lù mi ò tíì fọwọ́ kan aṣọ ẹbí tó kún ilẹ̀. Mo bá yí i po, gbogbo ìṣẹ́jú méjì ló ń wọ inú àpò kan, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí n tó tú u, ìgbà yẹn oòrùn ti mu mí tẹ́lẹ̀, mi ò wúlò fún nǹkan gidi mọ́.

(Ti ará Ítálì yẹn, Francesco Cirillo, tó ní ká ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25 ká sinmi díẹ̀, tó fi aago ìdáná tó rí bíi tòmátò bẹ̀rẹ̀, mo dán an wò nídìí máṣíìnì, ó dún nígbà tí mo wà láàárín síìpù. Fún kíkọ nǹkan ó dáa. Ó tán.)

Ìkejì ni ti Stephen King, On Writing, 2000. Bí ẹ ò bá fẹ́ràn ìwé ẹlẹ́rù rẹ̀, ẹ ṣì ka èyí. Kò tíì parí ẹ̀ nígbà tí mọ́tò kọlù ú níbi tó ti ń fẹsẹ̀ rìn létí títì ní 1999, egungun fọ́ káàkiri, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ó tún ti jókòó tì í. Ó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lójúmọ́, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ilẹ̀kùn wo? Bí mo bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní mo ti gbówó aṣọ sá lọ. Igba ọ̀rọ̀ lèmi ń kọ, lórí fóònù, kí ọmọ iṣẹ́ tó dé láàárọ̀.

Ibi tó ti wọ̀ mí lára ni pé bó o bá kọ ọ́ tán, gé ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, torí télọ̀ ni mí, aṣọ téèyàn bá gé kì í padà, ìdí nìyẹn tá a fi ń fi ààyè sílẹ̀ nínú ojú rírán. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe aṣọ, èyí tí mo bá gé tó dùn mí, mo lè lọ mú un padà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì rèé mi ò kì í rántí ẹ̀ mọ́.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, ìtàn Ṣẹ̀gilọlá. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé lẹ́tà jáde lẹ́sẹẹsẹ, ó ní obìnrin àgbà kan tó ń ṣàìsàn ló ń kọ ọ́, Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tó ti fi ẹwà ṣayé ní Èkó rí, tó ń ròyìn gbogbo ọkùnrin tó kọjá lọ́wọ́ ẹ̀ tẹkún tẹkún. Thomas fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́ o! Ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé obìnrin náà wà. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ohun tá à ń ṣe báyìí? Orúkọ àdúgbò ló ń dá, orin ìgbà yẹn ló ń kọ sínú ẹ̀, á sọ̀rọ̀ débi tó o ti na ọrùn, á ní ó dìgbà míì. Ohun tí mo wá kiri nínú ìwé òyìnbó, ọmọ Yorùbá kan ti ṣe é kí wọ́n tó bí màmá mi.

Karin Barber ló tún un tẹ̀ ní 2012, Yorùbá àti òyìnbó pọ̀. Òyìnbó yẹn gbé Òkukù rí, ẹ kàn gba Ìkìrun kọjá láti Òṣogbo ẹ ti dé ibẹ̀, Yorùbá ẹ̀ á sì ti èmi lójú.

Ọmọ kọ́sítọ́mà mi wá lánàá, ti King ló fẹ́, mo gbé Ṣẹ̀gilọlá fún un, mo ní kò gbọdọ̀ ṣẹ́ etí ìwé mi. Ìró ìyá ẹ̀ ṣì wà níbí. Jímọ̀ ni mo dá fún un, mi ò kàn tíì sọ Jímọ̀ wo.