Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́: Ẹ Yọ Orúkọ Olùdíje Kúrò Nínú Ìwé Àdúrà Yín

Ìwé kókó àdúrà kan dé orí WhatsApp mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orí ìdìbò 2027 ni wọ́n kọ ọ́ lé. Kókó 12 ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sì wà nínú 9. Bí mo ṣe kà á tán, àyà mi já, nítorí mo mọ irú ìwé yẹn dáadáa. Èmi náà ti kọ ọ́ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúrà ní ìjọ yín.

Ìjọ wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ṣáájú ìdìbò ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ aládúrà. Mi ò ní dárúkọ ẹni tí a gbàdúrà fún, torí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, orúkọ náà lẹ ó máa bá jà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, “Olúwa, fún wa ní aṣáájú rere” là ń gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì, orúkọ wọlé: “Olúwa, bí ó bá jẹ́ lágbájá ni.” Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, “bí ó bá jẹ́” ti bọ́ dànù. Ní ìṣọ́ òru tó kẹ́yìn, arábìnrin kan rí ìran adé, ẹlòmíràn rọ́ àlá, èmi náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní, “Ọlọ́run ti ṣe é, ẹ máa dúpẹ́.” Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ níbẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì pè nínú ebi àti àìsùn, kí ni kò ní jẹ́ kí a rí i lójú àlá?

Ìdájí Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde ẹni tó wọlé. Kì í ṣe ẹni tí a pè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an la ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Kò sẹ́ni tó gbé orin. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin nawọ́ sókè, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ní Ọlọ́run ti ṣe é. Ṣé Ọlọ́run ló yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni, àbí ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa?” Mo ní wọ́n jí ìdìbò náà gbé ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, “Ṣé wọ́n lè jí ohun tí Ọlọ́run ti ṣe ni, mà?” Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo ń ṣí Bíbélì mi síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wá ẹsẹ kan. Bàbá àgbà kan tó ti wà níjọ náà kí n tó dé ibẹ̀ wá dìde lẹ́yìn, ó ní, “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti lè ṣe àmín nínú ilé yìí.” Ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ni bàbá náà dìbò fún. A ti yọ ọ́ kúrò nínú àdúrà ìjọ rẹ̀, a ò sì mọ̀. Ọmọbìnrin yẹn kò wá mọ́. Ó ṣì ń kí mi tí a bá pàdé, ó ń kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lọ sí ìjọ kankan.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo dúró níwájú ìjọ, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, a sì tún bí a ṣe ń kọ ìwé àdúrà ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ yọ orúkọ. Olùdíje tí a bá ń pe orúkọ rẹ̀ báyìí lè di òrìṣà fún wa, àdúrà ló sì ń bá wọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ olùdíje kan lè ya ìwé ìpolongo rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ̀ láti ṣe àmín? Ẹ mú ìwé yín, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó ń du ipò. Ẹ kọ ipò náà rọ́pò rẹ̀: ààrẹ, gómìnà, aṣòfin. Kí ẹ tún un kà. Bí kókó náà kò bá nítumọ̀ mọ́, ìpolongo ni tẹ́lẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tó fẹ́ràn olùdíje mìíràn pé kó kà á sókè. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti fà sẹ́yìn, ẹ tún ibẹ̀ kọ.

Ohun tí ẹ ó fi sí i pọ̀. Ẹ gbàdúrà fún àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n ń gbé BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, lọ sí ibùdó ìdìbò. Ẹ gbàdúrà fún ẹni tó máa kọ èsì sínú EC8A, fọ́ọ̀mù èsì ibùdó ìdìbò, kó lè kọ iye tí àwọn ènìyàn dì. Ẹ má gbàgbé àwọn ọlọ́pàá, ẹni tó máa fìdí rẹmi, àtàwọn tí ẹ̀rù ìjàgídíjàgan ò ní jẹ́ kí wọ́n jáde nílé. Kí ẹ wá fi ẹni tó bá wọlé sí i, ẹni yòówù kó jẹ́, títí tí yóò fi kúrò lórí oyè. Nígbà tí a kọ 1 Tímótì 2:1-2, tó ní ká gbàdúrà fún àwọn ọba, ẹni tó ń jọba ní Róòmù kì í ṣe onígbàgbọ́.

Àwọn kan á ní, “Bí tiyín bá ti wọlé ńkọ́, ṣé ẹ ó sọ èyí?” Ìbá ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wọlé tí epo wọ́n, tí owó oṣù ò tó jẹun, ta ni nínú wa ni yóò lè là á mọ́lẹ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dáa? Ọlọ́run la ti fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ wo Nátánì nínú 2 Sámúẹ́lì 7. Ó sọ fún Dáfídì pé kó máa ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Olúwa wà pẹ̀lú rẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run sọ nǹkan mìíràn fún un. Wòlíì tòótọ́ ni Nátánì, síbẹ̀ ó padà lọ bá ọba, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nátánì yìí kan náà ló dúró níwájú Dáfídì ní orí 12 lórí ọ̀rọ̀ aya Ùráyà, tó sọ fún un pé òun gan-an ni ọkùnrin náà. Mo gbàgbọ́ pé ẹni tí kò bá lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní orí 7 kò ní lè bá ọba wí ní orí 12.

Nítorí náà, akọ̀wé ìjọ wa ní ìwé kan báyìí. Ìran tàbí àlá yòówù tó bá kan ìlú, a ń kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó rí i, a kì í kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, a ó sì kà á síta lẹ́yìn ìdìbò. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó ni ín, a kì í jẹ́ kó kọjá lórí WhatsApp ìjọ.

Ẹ kíyè sí ẹ̀rù náà. Ní 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC fa Mùsùlùmí méjì kalẹ̀ fún ààrẹ àti igbákejì, ìbẹ̀rù ló gba ìjọ wa kan, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń wá orúkọ tó máa dì mọ́. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà sọ ọ́ ní 1 Sámúẹ́lì 8:20 pé ọba ni yóò máa ja ogun àwọn. Kí ẹ tó kọ kókó kankan, ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà nípa ohun tó ń bà yín lẹ́rù.

Bí olóṣèlú bá wá sí ìsìn, kó jókòó láàárín èrò, kì í ṣe lórí àga pẹpẹ. Ẹ má fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ má sì kéde iye tó fi sínú igbá ọrẹ. Òfin Ìdìbò 2022 tí a lò fún ìdìbò 2023, ní abala 92, kò fàyè gba ìpolongo tàbí gbígbé olùdíje lárugẹ nílé ìjọsìn, bẹ́ẹ̀ ni kò fàyè gba kí a máa bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n níbẹ̀. Ẹ fi abala yẹn han alàgbà tó bá ń bínú sí yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí Kristẹni má dìbò. Mo ní káàdì ìdìbò, mo ní ẹni tí mo fẹ́, mo sì ń polongo fún un ní àdúgbò. Orúkọ rẹ̀ kò kàn sí nínú ìwé tí mo ń kọ fún ìjọ ni.

Bí ẹ bá ti pín tiyín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìkéde èsì. Ẹ dúró níwájú ìjọ yín lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, ẹ ka 2 Sámúẹ́lì 7:3-5, kí ẹ sì gba ìwé náà padà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.