Òjò àkọ́rọ̀ ti dé o!

Láti oṣù kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Paris ti ń fi fọ́tò òdòdó há mi lọ́rùn lórí WhatsApp, pé òtútù ti ń lọ. Ẹ̀gbọ́n, àwa náà ò kẹ̀rẹ̀! Òjò rọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo yà sí Jardin des Plantes, ọgbà igi àti òdòdó tiwa, láàárọ̀ yìí, òdòdó igi flamboyant pupa fòò, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ gan-an dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́, mi ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìyá tó ń ta òdòdó létí títì pe bougainvillée kékeré ní 1500 sẹ́fà, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma, 1000, ó ní "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo bomi rin ín nígbà ọyẹ́?" Mo sanwó jẹ́ẹ́jẹ́. Ọlọ́kadà tó gbé mi wálé ló jìyà, ẹ̀gún òdòdó yẹn ń gún un lẹ́yìn 😂