Màmá ìsàlẹ̀ ní mò ń gúnyán lóru

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Òkè Ìdànrè ló fa gbogbo ẹ̀. Àwa ará ọ́fíìsì lọ gun òkè yẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, àtẹ̀gùn ẹ̀ sì lé ní 600, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà lóòótọ́ àmọ́ ní tèmi, gbogbo àtẹ̀gùn ni mo sọ di ibi ìsinmi, mò ń mí gúlegúle bí ajá ọdẹ, ìyá àgbà kan tó ru ẹrù wá kọjá lára mi, ó ní "ẹ kú ìjókòó o".

Ó dùn mí. Bí mo ṣe padà dé Àkúrẹ́ báyìí, mo ra okùn tí wọ́n fi ń fò lọ́jà Ọba, mo ní ikùn yìí gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó ti Alágbàka dé ilé ní Òkè-Àró, kí n jẹun, kí n tẹ fóònù díẹ̀ (díẹ̀ tí mo sọ yẹn, irọ́ ni), aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Ìgbà yẹn ni màá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, màá ju awẹ́ obì kan sẹ́nu kí okun lè wà, ó di gbì, gbì, gbì. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé o, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi ń fò, igba lẹ́ẹ̀kan, màá mí, igba míì.

Mo rò pé tó bá ti rẹ èèyàn, oorun á gbé e lọ fìrì ni. Irọ́ ńlá! Màá wẹ̀, màá dùbúlẹ̀, ojú mi á là rekete bí ti òwìwí, àyà á ṣì máa lù kìkìkì, ara á gbóná bí ààrò ẹlẹ́ran àsun. NÉPÀ náà á wá mú iná lọ, fáànù á kú. Lóru ọjọ́ kan, mo ti ka pákó òkè àjà tán, mọ́kàndínlógún, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ti ṣẹ́, mo wá dìde láago méjì mo ń fọ ìkòkò tí ò dọ̀tí.

Ọ̀sán ni oorun wá ń rántí mi. Mo sùn lọ nínú mítìn, ọ̀gá pe orúkọ mi, bí mo ṣe ta jí mo pariwo "ọgọ́sàn-án!" Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀gá ní ṣé iye fáìlì tí mo ti parí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti fò dé bí ogóje, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Màmá ìsàlẹ̀ ni. Ìborùn wà léjìká wọn, abọ́ onídèérí lọ́wọ́, òórùn ẹ̀gúsí ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

"Ọkọ mi, mi ò wá jà o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó o ti ń gúnyán lóru, mò ń gbọ́ odó ẹ lórí mi, mo ní ọ̀la ló máa bù fún mi, ọ̀la dé, o ò bù ú. Mo ní bóyá ọbẹ̀ ni ò sí. Ọbẹ̀ rèé. Iyán dà?"

Mo ní Màmá, mi ò gúnyán o. Wọ́n wo àyà mi. "Òógùn wo lèyí?" Mo bá na okùn sí wọn. Wọ́n wo okùn, wọ́n wo ikùn mi, wọ́n tún wo okùn.

"Ewúrẹ́ ẹ̀ dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù kó tó là mí lóye. Ó ní kí oorun tó lè gbé èèyàn, ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀, èmi wá ń dáná sí i nígbà tó yẹ kó máa kú lọ. Pé kì í ṣe eré ìdárayá alẹ́ ló burú, tó bá jẹ́ pé mo rìn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ní ṣe nǹkan kan, èyí tó le tó sì súnmọ́ àkókò oorun jù ni wàhálà. Ó wá béèrè kí ni mò ń jẹ kí n tó fò. Mo ní obì. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní "obì tó o jẹ láago mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì agbára ẹ̀ ṣì wà lára ẹ láago mẹ́ta òru, o wá ń bínú sí NÉPÀ."

Mo ti pa obì tì. Ìrìn ni mò ń rìn lálẹ́ báyìí, Sátidé nìkan ni mo máa ń fo okùn, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nínú kọ́mpáàǹdì, Màmá á jókòó ti ògiri, wọ́n á máa bá mi kà á, wọ́n á sì máa fo nọ́ńbà. Oorun ti ń wá, mi ò lè parọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyán yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Sátidé tó kọjá, mo yá odó, mo gúnyán gidi, mo gbé e lọ sísàlẹ̀ fún wọn. Màmá ṣí abọ́, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbójú sókè.

"Kókó ló kún inú ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ariwo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn?"