Wọn ò jókòó

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Gbólóhùn kan ni kò jẹ́ kí n rójú láti àárọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, níbi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn ọmọdé, ẹnì kan bi mọ́mì kan pé, "Ṣé wọ́n yọjú sí yín ṣá?" Mọ́mì ní, "Wọ́n wá o. Wọ́n gbé ìrẹsì wá. Wọn ò jókòó." Mọ́mì pọn omi wọn, wọ́n lọ. Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn rárá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ìsìn dára. Ìwàásù gùn díẹ̀. Òjò pa àwọn tó wà lábẹ́ kánópì.

Wọn ò jókòó.

Ká má purọ́, àwọn welfare ìjọ, àwọn tó gbé ìrẹsì lọ fún mọ́mì, ò ṣe ohun tó burú. Kóńgò ìrẹsì mẹ́ta, òróró, tòmátò inú agolo, owó díẹ̀ nínú àpòòwé: ní ilé tí kò sí nǹkan kan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé mẹ́fà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, mọ́tò kan, èèyàn mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ń ya fọ́tò kí ìgbìmọ̀ lè rí i pé ẹrù dé ibi tí wọ́n rán an. Bí wọ́n bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nílé kọ̀ọ̀kan, ká dúpẹ́. Ẹni tó ń wo aago ò tíì jókòó, bí ìdí rẹ̀ tiẹ̀ kan àga.

Ilé méjì lọ́jọ́ kan ti tó. Ẹni méjì ni kó lọ, torí mẹ́rin á kún yàrá, onílé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àga yá lọ́dọ̀ aládùúgbò. Kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni tó ti mọ onílé tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ń dá gbé, kí ọkùnrin má dá lọ. Kí wọ́n pè ṣáájú. Kí ẹrù wà nínú àpò dúdú lásán, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí gàdàgbà lára, kí gbogbo kọ́ńpáùndì má baà mọ̀ pé wọ́n ń bọ́ lágbájá. Kò sí fọ́tò. Kí akápò fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Ogójì ìṣẹ́jú, tàbí kó lé díẹ̀. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, "a dúpẹ́, Ọlọ́run ń ṣe é" nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Ìgbà tí àlejò bá mu omi tán tí kò sì dìde ni ohun tó wà níkùn ń jáde. Àdúrà ló kẹ́yìn, kó má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwọn àdúrà kan wà tó jẹ́ pé onílé ni wọ́n ń fi bá wí, Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù la máa ń bú ṣáá. Bẹ́ẹ̀ orí kejì ìwé náà ní ọjọ́ méje, tọ̀sán tòru, ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé. Àmọ́ ta ló ń wàásù lórí ìyẹn? Orí kẹrin, níbi tí Élífásì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, la máa ń sáré lọ.

Ẹ dúró ná. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Yàrá kan, ọmọ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì ti gba gbogbo ilẹ̀. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀, ẹ ti ti onílé sínú gbèsè mínírà nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ bá a ṣa ẹ̀wà. Nítorí náà, bóyá kì í ṣe ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Bóyá mọ́mì yẹn náà... rárá. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, wọn ò ní sọ ọ́ báyẹn.

Ẹni tó ṣòfò ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, kánópì wà, ẹgbẹ́ wà, aṣọ ẹbí wà, ìkòkò ò kúrò lórí iná. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni ilé ń dá. Ìgbà yẹn ni àga tó yẹ kí èèyàn jókòó sí ń ṣófo. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á fi ọjọ́ sínú ìwé: ọ̀sẹ̀ keje, oṣù kẹta, ọjọ́ ìbí olóògbé, Kérésì àkọ́kọ́, àyájọ́. Orúkọ ẹnì kan á wà níwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. "A ó máa yọjú" kì í ṣe ètò, ẹnu lásán ni.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti rí èyí tipẹ́, ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ owó ló gbé wọn débẹ̀. Ní 1742, ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìpàdé wọn ló di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Wọ́n bá pín ìjọ sí èèyàn méjìlá méjìlá, kí kálukú máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí olórí máa lọ gbà á láti ojúlé dé ojúlé. Kọ́bọ̀ ni wọ́n wá gbà, ni wọ́n bá rí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé: ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń mu ọtí yó, ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ò kí ara wọn mọ́. John Wesley, olùdásílẹ̀ wọn, rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí, àwùjọ méjìlá yẹn, tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, sì di òpó ìjọ wọn. Ìjọ náà dé Àgbádárìgì ní 1842. Títí di òní, a ṣì ń rí ibi tí wọ́n ti ń gba owó kíláàsì. Owó ń wọlé. Ẹni tó yẹ kó wá gbà á nílé ni kò sí mọ́. Àpòòwé ń dá rìn lọ sínú awo.

Ẹ wò ó, a dá nǹkan sílẹ̀ kí èèyàn lè jókòó, ó tó àkókò kan, ìjókòó yọ, owó kù.

Ṣé ìpàdé ilé ni ká wá fọkàn tán? Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ìjọ Deeper Life tó kún tó báyìí, èèyàn 15 ni wọ́n ní 1973, nínú ilé W. F. Kumuyi, olùdásílẹ̀ wọn, ní Yunifásítì Èkó, níbi tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Àmọ́ pálọ̀ nìkan kì í sọ èèyàn di ará. Bí wọ́n bá ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn mẹ́ta ni yóò máa sọ̀rọ̀, ìyókù á di awòran. Olórí á tún wàásù. Onílé àkọ́kọ́ á fọ́n gúgúrú, ìkejì á din ẹran, ìkẹta á se jọ̀lọ́ọ̀fù, ìkẹrin á sọ pé pálọ̀ òun ò tóbi. Omi àti ẹ̀pà, kí ẹnikẹ́ni má kọjá ibẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta lórí ìwàásù àárọ̀, wákàtí kan, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù ni kí wọ́n fi pín èèyàn, kì í ṣe ọjọ́ orí, torí kò sẹ́ni tó máa wọ ọ̀kadà lálẹ́ Ọjọ́rú nítorí ìpàdé tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á bi í léèrè. Bó bá sì di pé kí ẹgbẹ́ pín, kí igbákejì ti máa darí fún oṣù mélòó kan ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ á jọ lọ, àwọn tí ò lọ́rẹ̀ẹ́ á ṣẹ́ kù.

Ìwé orúkọ náà ṣe pàtàkì, bó tiẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ iléèwé. Ẹni tí a ò rí lọ́sẹ̀ kan, kí ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìpè. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ má sì jẹ́ "Ẹ ò wá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́." "Àárò yín ń sọ wá, ṣé kò sí?" Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó bá ti sá rí á sọ fún yín.

WhatsApp, ẹ fi mí sílẹ̀. Igba èèyàn ń kọ "Àmín". Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni "Ẹ bá wa fi àdúrà ran arábìnrin wa lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀." Kó tó di alẹ́, gbogbo ọjà ti gbọ́. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ gba àyè lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ń wá ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ náà la ti ń tètè rí olùrànlọ́wọ́, mi ò lè bú u tán.

Owó welfare yìí náà, kí wọ́n má fi yá ẹnikẹ́ni o. Ẹ fún un tàbí kí ẹ má fún un. Ẹni tó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbèsè á kọ́kọ́ pa ìpàdé ilé tì, lẹ́yìn náà á máa jókòó sẹ́yìn, tó bá yá a ò ní rí i mọ́, ìjọ á sì ti pàdánù owó pẹ̀lú èèyàn.

Nínú Róòmù 16, Pọ́ọ̀lù kí èèyàn tó lé ní ogún, pẹ̀lú orúkọ. Ó dé orí Rúfù, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá rẹ̀, tó tún jẹ́ ìyá òun náà. Ẹni tó kọ irú ìyẹn ti jẹun nínú ilé náà. Ó ti jókòó dáadáa.

Èyí tó ń dà mí láàmù jù báyìí ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, àwọn tó ń yan búrẹ́dì, àti àwọn ará wa ní Ìlú Ọba tó ń tọ́jú arúgbó láti alẹ́ di àárọ̀. Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ò lè bá wọn láéláé, ìbẹ̀wò ọ̀sán Sátidé á sì bá wọn lójú oorun. Agogo mẹ́jọ àárọ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà yẹn. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Oúnjẹ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an lẹ máa ń fẹ́ kí èèyàn wá bá yín jókòó?