"Ó" ni mí ní Ìbàdàn

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ibi iṣẹ́ mi ní Winnipeg, ní Kánádà, wọ́n fún mi ní káàdì kékeré kan tí màá máa so mọ́ àyà. Wọ́n ti kọ Tópẹ́ sí i, wọ́n wá fi àyè kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa mú bírò dání, ó ní kí lòun máa kọ síbẹ̀: he ni, she ni, àbí they? Mo dúró bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá ṣe ìṣirò lójú pátákó. Gbogbo ọdún 31 tí mo lò ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó fi sílẹ̀ ná. Oṣù mẹ́ta ni àyè yẹn fi ṣófo.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ara mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà, "obìnrin", dà bí aṣọ tí télọ̀ fi ọmọ ẹlòmíràn wọ̀n kó tó rán an fún mi. "Ọkùnrin" náà kì í ṣe ìwọ̀n mi. Ohun tí mi ò ní ni orúkọ tí mo lè pe ohun tí mo jẹ́, nítorí nílé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìgbà tí mo nílò rẹ̀.

"Ó" ló gbà mí. Ó ti jẹun, ó ti sùn, ó ti jáde lọ. Yorùbá ò béèrè akọ tàbí abo lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ni mí fún àwọn kan, àbúrò ni mí fún àwọn kan, ọmọ ni mí fún màámi. Orúkọ mi gan-an, Tèmítọ́pẹ́, àwa mẹ́ta là ń jẹ́ ẹ ní kíláàsì, ọkùnrin sì ni àwọn méjì tó kù. "Ó" yìí náà ló fà á tí olùkọ́ fi máa ń fi pàṣán bá wa wí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé a ní "My mother, he is coming." Màámi ò tíì jáwọ́ níbẹ̀ títí dòní. Bí wọ́n bá fi èèbó sọ̀rọ̀ mi fún àlejò, he á wà níwájú, she á tẹ̀ lé e, inú gbólóhùn kan náà ni. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé nínú gbogbo ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló súnmọ́ òótọ́ jù.

Àmọ́ kí n má bàa purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ ò parí sórí "ó". Kọ̀ndọ́ á ní "Àǹtí, ẹ wọlé síwájú." Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, obìnrin síhìn-ín, ọkùnrin sọ́hùn-ún, ọkàn mi á máa lù kìkìkì kó tó kàn mí. "Ma" wà ní ìdí gbogbo gbólóhùn. Bí mo bá sì fá orí mi, tí mo wọ ṣòkòtò, gbogbo àdúgbò ló máa ń fẹ́ mọ ohun tó dé. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2014, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ló dá lé: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe é, ọdún 10 fún ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Kò dárúkọ irú tèmi. Ta ló máa ń ka òfin tán kó tó fura sí aládùúgbò rẹ̀? A mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Kánádà ò fẹ́ kí n dákẹ́. Láti ọdún 2017 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ wọn ti dáàbò bo irú wa. Láti 2019, ẹni tó bá fẹ́ lè ní kí wọ́n kọ X dípò M tàbí F sínú páásípọ́ọ̀tù òun. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2021, wọ́n béèrè, àwọn 100,815 tó ti pé ọdún 15 sókè sì dáhùn pé transgender (ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n bí i) tàbí non-binary (ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin nìkan tàbí obìnrin nìkan) làwọn. Ẹnì kan nínú nǹkan bí 300 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka iye yẹn. Nígbà tí mo wà nílé, mo rò pé èmi nìkan ṣoṣo ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fún láyè láti sọ̀rọ̀, ó di dandan kó wá ọ̀rọ̀ sọ. Two-Spirit, orúkọ kan fún irú wa, agbègbè Winnipeg yìí gan-an ni wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí ní 1990, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ibí ni, mi ò lè yá a. Non-binary wúlò lórí fọ́ọ̀mù, àmọ́ ohun tí ènìyàn kì í ṣe ló ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni mí, tí mo ní mi ò kì í ṣe ará Èkó. Mo wá a lọ sínú Yorùbá. Ṣakọṣabo? Ẹran ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Takọtabo? Ìyẹn dà bí ìkéde pé kí gbogbo ìlú jáde.

Mo wá mú they, ibẹ̀ ni wàhálà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ibí kan ń ráhùn pé báwo ni ẹnì kan ṣoṣo yóò ṣe jẹ́ they. Èmi ò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Ṣebí ẹnì kan ni màámi, "wọ́n" sì ni mò ń pè wọ́n láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ló fẹ́ bá mi ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n mi ní 'wọ́n' ni ká máa pe àwọn níbẹ̀." Màámi dákẹ́ díẹ̀.

"Tópẹ́ jẹ oyè ni?"

Mi ò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn fún mi. Èwo ni kí ìyá máa fi "wọ́n" pe ọmọ tó bí?

Oríkì tún wà níbẹ̀. Orúkọ lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, oríkì ò rí bẹ́ẹ̀: Àjàní àti Àkànní lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin, kò sí èyí tó dúró sáàárín. Àdùkẹ́ ni tèmi. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni màámi máa ń pè mí, wọ́n á sì fa "kẹ́" yẹn gùn títí ara mi yóò fi rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní kí n fi sílẹ̀, pé orúkọ àtijọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ń du láti kẹ́ kọ́ ni? Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá pè mí ní she pé kó tún un pè. Bí wọ́n bá pe Àdùkẹ́, mo máa ń jẹ́.

Oṣù kẹrin lẹ́nu iṣẹ́ ni mo mú bírò, tí mo kọ they sára káàdì náà, mo sì kọ "ó" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí. Àwọn kan rò pé òdo ni. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ Philippines, fọwọ́ tọ́ ọ, ó ní kí ni. (Bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ ò ní mọ̀, ẹ ṣáà ti ń bá ìtàn bọ̀.) Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà jẹ pàṣán tó nítorí he àti she. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ tiwọn sí ẹ̀yìn káàdì tirẹ̀: siya.