Iná pupa inú ilé pọ́ǹpù

Bọ́hólù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn l'Ádó yìí fi mọ̀ mí. Bí pọ́ǹpù rẹ bá kọ̀ tí kò gbé omi mọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o pè mí. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kan wà lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́ta tó jẹ́ pé àdúrà mi ni kí a má rí ohun tí a máa fi í ṣe láé. Òun ló ń ti omi lọ sínú páìpù panápaná ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin kan lọ́nà Ìkéré.

Ilé náà ga tó mítà 14. Gbogbo mítà 10 tí omi bá gùn, nǹkan bíi bar 1 ló ń ná an (bar ni a fi ń wọn agbára tó ń ti omi), nítorí náà kì í ṣe irú pọ́ǹpù tí à ń fi fa omi sórí òrùlé la gbé síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí i, torí pé bí ilé bá ń jó, iná ọba ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa. Gálọ́ọ̀nù 500 ló ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan, bíi lítà 1,900. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 60,000, ìlàjì wákàtí ló sì máa fi gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ohun tó ń fa ìjà èmi àti onílé nìyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí bọ́hólù bá ti gbẹ báyìí, ojú rẹ̀ á máa lọ sí táǹkì yẹn, kí wọ́n fi fọ mọ́tò.

Pọ́ǹpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, jockey là ń pè é. Bí géèjì bá wálẹ̀ dé bar 7, jockey á hùn díẹ̀, á ti omi padà sókè, á dákẹ́. Bó bá já dé 6, a jẹ́ pé ẹnìkan ti ṣí omi tàbí páìpù ti bẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnì máa dá tan. Bí wọ́n ṣe to tiwa, tó bá ti tan, ènìyàn ló máa pa á. Wọn ò fẹ́ kó lọ kú sílẹ̀ nígbà tí iná ṣì ń jó.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì la máa ń tan án fún ìṣẹ́jú 30. NFPA 25, ìlànà Amẹ́ríkà lórí ìtọ́jú ohun èlò panápaná olómi, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún oní-dísẹ́ẹ̀lì. Ìṣẹ́jú 10 ni ti èyí tó ń lo iná ọba. Onílé ní epo òun là ń sun dànù. Èmi kì í fèsì.

Loṣù kejì mo lọ sìnkú n'Íjerò, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi ọmọ iṣẹ́ mi sílẹ̀. 41.5 ni mo kọ sínú ìwé kí n tó lọ, iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti kọ ọ́ kún un: 42.0, "ó ṣiṣẹ́ dáadáa", 42.5, "ó ṣiṣẹ́ dáadáa". Báírò kan náà, bí ẹni pé ìjókòó kan ló fi kọ méjèèjì.

Mo ṣí fáàfù ìdánwò díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ géèjì bọ́ láti 8 sí 7. Jockey ò hùn. Ó di 6. Kẹ́kẹ́ pa. Ó di 5, ó di 4, àyà mi já. Mo yíjú sí pánẹ́ẹ̀lì: súwíìṣì wà lórí OFF dípò AUTO tó ń jẹ́ kó dá tan, iná pupa ìkìlọ̀ ń tàn, wákàtí wà ní 44.3.

Mo pe Bàbá tó ń ṣọ́lé. Ará Ìkọ̀lé ni wọ́n, àgbà Èkìtì pọ́ńbélé. Onílé gan-an, "ìwọ" ni wọ́n ń pè é, bí èdè wa ṣe rí nìyẹn.

"Òru ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Mo rò pé lọ́rì ló ń bọ̀. Mo pe ọmọ iṣẹ́ ẹ títí kó tó gbé fóònù, ó ní kí n yí nǹkan yẹn. Mo yí i, ó dákẹ́."

"Iná pupa yìí ńkọ́, Bàbá?"

"Èyí? Òun ni mo fi ń mọ̀ pé NEPA mú iná wá. Ó yà mí lẹ́nu pé kò já rárá."

Bátìrì ló ń gbé iná yẹn.

Ohun tó fà á kò le. Fáàfù kan ń jò bíńtín lájà kẹta. Jockey ni ìbá máa fi omi rọ́pò èyí tó ń jò, ṣùgbọ́n iná ọba tó ń lọ sókè sódò ti já súwíìṣì tirẹ̀ bọ́. Omi ń jò títí géèjì fi dé 6 lóru, pọ́ǹpù ńlá gbà pé ilé ń jó.

Ọmọ yìí sì ti kọ́kọ́ fi sípánà fún ìdí pọ́ǹpù pinpin torí omi ń kán níbẹ̀. Ó yẹ kó máa kán o! Okùn ọlọ́ràá ló wà níbẹ̀, tí a ká mọ́ ọ̀pá tó ń yí, omi yẹn ló ń tù ú lára. Kó kán ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti tó. Nígbà tí mo tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, okùn náà ti dúdú, ó gan, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná. Mo fi tuntun sí i, mo wá lọ dí fáàfù àjà kẹta.

N ò lé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìwé ti tán láàárín wa. Fọ́tò géèjì wákàtí ni mò ń gbà lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ 51.8. Bàbá ló yà á. Àtàǹpàkò wọn bo ìdajì fọ́tò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà hàn, súwíìṣì sì wà lórí AUTO.