Bàtà Ẹ̀gbọ́n: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Bí mo bá ní kí n ka ọdún yìí fún yín láti oṣù dé oṣù, irọ́ ni mo fẹ́ pa, nítorí pé n kò rántí oṣù Karùn-ún rárá, ohun kan ṣoṣo tí mo sì lè sọ nípa oṣù Kẹsàn-án ni pé wọ́n tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ilé wa ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fa omi. Oṣù Keje nìkan ló dúró sójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé nípa Olúmọ mọ ìdí rẹ̀, ẹ sì mọ ìlérí tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n ṣe fún ara wa láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn pé a ó gun òkè erékùṣù São Tomé kí orúnkún tó kọ̀ fún wa. Orúnkún tèmi kò tíì kọ̀.

N kò ní tún sọ bí ó ṣe kórìíra ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ṣe sí Olúmọ tó. “Ẹni tí ẹ̀rọ bá gbé gun àpáta, ẹrù ni, kì í ṣe èèyàn.” Ó sọ ọ́ lójú àna rẹ̀ rí, ní ọjọ́ tí àna náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ jáde.

Nígbà tí ó fi wá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta, a pín ohun tó kù nílẹ̀. Àwọn agbádá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àbúrò, ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Láfẹ́ńwá, ṣùgbọ́n bàtà ìgùnkè tí ó rà ní oṣù Kìíní lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkìríkà ní Kútọ̀ kò rí ẹni gbà á, nítorí pé 45 ni, ẹsẹ̀ gbogbo wa yòókù kò sì ju 43 lọ. Èmi ni mo mú un. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé bàtà tuntun ti wọ́n jù, pé owó ọkọ̀ òfurufú ti gbẹ́ mi tán, pé ọlọ́gbọ́n kì í ní bàtà nílé kí ó tún lọ ra òmíràn. Ìyàwó mi ń wò mí, kò sọ̀rọ̀. Mo ra ìbọ̀sẹ̀ onírun, mo sì ń wọ̀ ọ́ ní méjì-méjì.

Lórí àwòrán ilẹ̀, São Tomé kò jìnnà sí wa, torí òkun tó ń fọ́ sí etíkun Èkó náà ló yí i ká, síbẹ̀ ọkọ̀ òfurufú méjì ni mo wọ̀ kí n tó dé ibẹ̀, mo sì sun òru kan lórí àga ní pápákọ̀ ìlú onílùú. Oṣù Keje ni a ti yàn tẹ́lẹ̀, nítorí pé àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní gravana, bọ́ sí oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò ń na Abẹ́òkúta lọ́wọ́. Ọjọ́ 12 oṣù náà ni òmìnira wọn kúrò lábẹ́ Potogí, èyí tí wọ́n gbà ní ọdún 1975, pé ọdún 50, mo sì dé bá wọn lẹ́nu ìmúrasílẹ̀. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi ni ẹja àti gbèrèfútù. Mo ti rò pé òkè òkun ni mo ń lọ. N kò mọ̀ pé gbèrèfútù ìyá mi ni yóò gbà mí lálejò.

Pico de São Tomé ga ní mítà 2,024. Olúmọ jẹ́ 137. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn ni mo ṣe ìṣirò yìí, mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Olúmọ 15 tí a tò lé ara wọn lórí, ni mo bá pa iná. Àmọ́ o, inú ọgbà igi Bom Sucesso ni a ti gbéra, ibẹ̀ sì ti ga ju mítà 1,000 lọ, nítorí náà kí ẹ má ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ìgboyà fún mi. Afinimọ̀nà mi, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ, mú àdá lọ́wọ́, ó sì wọ sílípáàsì rọ́bà, irú èyí tí a máa ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ó wo bàtà mi títí, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni.

A kọ́kọ́ yà síbi adágún tí wọ́n ń pè ní Lagoa Amélia, àmọ́ ewéko ni mo rí. Ẹnu òkè oníná àtijọ́ ni ibẹ̀, omi sì wà lábẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewéko ti hun ara rẹ̀ lé e lórí bí ẹní, débi pé bí èèyàn bá fò, ilẹ̀ yóò mì. Mo fò. Ilẹ̀ mì. N kò fò mọ́. Láti ibẹ̀ ni a ti wọ inú igbó gidi, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní obô. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin náà nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ní “cobra”, mo sì fò ju bí mo ṣe fò lórí adágún lọ. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo ejò ni Potogí ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí kò tù mí nínú, nítorí pé erékùṣù náà ní ṣèbé dúdú tirẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ kéde ní ọdún 2017 pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ọ̀nà dúró ṣánṣán, gbòǹgbò igi ni a sì ń dì mú gòkè. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ yára kí ó lè tètè parí, ọmọkùnrin náà yóò yíjú padà: “Leve-leve.” Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará erékùṣù náà fi ń gbé ayé nìyẹn, ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ sì ni a ó pè é ní ilé wa. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní gbogbo Sátidé, níbi ọ̀nà tóóró abẹ́ Olúmọ, pẹ̀lú òwe ìgbín tó ń gun igi, títí tí mo fi sọ fún un pé kí ó fi ìgbín yẹn sílẹ̀, pé ó ti sú mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Oṣù Kejì ni.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò kan, n kò sì lè dìde fún ìgbà pípẹ́. Ọmọkùnrin náà ń bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, “obrigado” nìkan ni mo sì gbọ́ nínú èdè Potogí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi “ẹ ṣé” ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni mo bá fọwọ́ kan ikùn mi. Ó gbà pé inú ló ń run mí. Nígbà tí a dé ibi tí a pàgọ́ sí, ó já ewé kan, ó sè é, mo sì mu ún tán nítorí ìtìjú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ti ń run mí ní tòótọ́.

Bí mo ṣe dé ṣóńṣó òkè nìyẹn, pẹ̀lú inú rírun, nínú kùrukùru tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo ti ṣèlérí pé n ó ya àwòrán òkun fún yín láti orí òkè. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Lórí Olúmọ, fún owó tí kò tó nǹkan, à ń rí gbogbo páànù Abẹ́òkúta tó ti dípẹtà, a sì ń rí odò Ògùn. Níbí, mo fi owó tí mo tọ́jú fún ọdún méjì wo ìkùukùu. Mo rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò pè mí ní ẹrù.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ponta Figo ni bàtà tó bá mi sọ̀rọ̀. Bàtà tó tóbi kì í dun ni bí a bá ń gòkè. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń yọ́ síwájú, tí ọmọ ìka yóò máa gbá orí bàtà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èékánná àtàǹpàkò mi méjèèjì dúdú bí aró Ìtòkú, wọ́n sì bọ́ ní oṣù Kẹjọ. Onísílípáàsì kò ní ọgbẹ́ kankan. Ní ọjọ́ kejì, inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí lọ sí gúúsù láti wo Pico Cão Grande, àpáta tó nà ró ju mítà 300 lọ láàrin igbó bí ọ̀pá. Ohun yíyọ́ tó dì sí ọ̀fun òkè oníná ni; ilẹ̀ tó yí i ká ti ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀fun ló ṣẹ́ kù. Okùn ni wọ́n fi ń gun ìyẹn, pẹ̀lú irú orí tí Ọlọ́run kò fún mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ tó sì mú mi bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, tó mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n bàtà yẹn, tí kò sì tú mi fó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ará Sátidé tí ẹ kò jẹ́ kí n dá gun Olúmọ láti oṣù Kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú yín ń yọ́ wọ ẹ̀rọ. Ẹ mọ ara yín.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀, èékánná tuntun ti hù dé ìdajì, n kò sì fẹ́ ṣèlérí kọjá ìyẹn. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ó lè jẹ́ Òkè Ìdànrè, nítorí pé ó wà nítòsí, àti pé àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 kò gba èdè Potogí. Àkọ́bí Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ bá mi lọ. Ọmọ ọdún 14 ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá sí ilé wa, ó rí bàtà náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ São Tomé lára rẹ̀, nítorí pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láì gbàṣẹ. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, bàtà ń ró gbàgà-gbàgà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó tóbi jù, kí ó fi í sílẹ̀ di ọdún méjì sí i. Ó bi mí léèrè ibi tí mo kó àwọn ìbọ̀sẹ̀ onírun sí.